Bẹ́ǹṣì Màmá Ruby Létí Pápá Eré Mọ́tò

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ṣàlàyé eré ìje mọ́tò fún ìyá mi lórí fóònù, wọ́n gbọ́ ọ títí dópin, wọn ò já lu ọ̀rọ̀ mi. Mo ní àwọn mọ́tò á tò tẹ̀lé ara wọn, wọ́n á gbéra lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á máa sá yípo pápá kan tó rí bí ẹyin, wọ́n á sá a títí oòrùn á fi fẹ́ẹ̀ wọ̀. Màámi wá ní, "Ó dáa. Níbo ni wọ́n wá ń lọ?"

Mo ní wọn ò lọ ibì kankan.

"Wọn ò lọ ibì kankan, wọ́n dẹ̀ ń sáré?"

"Ẹ̀n, Màámi. Ibi tí wọ́n ti gbéra náà ni wọ́n máa padà sí."

"Wọ́n kó ẹrù ni?"

"Wọn ò kó ẹrù."

"Wọ́n gbé èrò?"

"Wọn ò gbé èrò, Màámi."

Wọ́n mí kanlẹ̀ ní Abẹ́òkúta, mo gbọ́ ọ ní Houston. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé o ń jẹun dáadáa níbẹ̀ yẹn?"

Ẹ má bá Màámi wí. Lọ́rì ni bàbá mi wà títí ọlọ́jọ́ fi dé, Abẹ́òkúta sí Kano, Kano sí Abẹ́òkúta. Lójú ìyá mi, mọ́tò tí ò kó iṣu, tí ò gbé èèyàn, tó wá ń sáré kiri ojú kan náà, ẹni tó ń wà á ló yẹ kí wọ́n gbàdúrà fún. Ó ti pẹ́ tí a ti wà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Títí di òní, bí mo bá pè wọ́n ní Sátidé, wọ́n á kí mi tán, wọ́n á bèèrè ọkọ mi, wọ́n á bèèrè Simi ọmọ mi, wọ́n á wá rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni ń bèèrè ara aláìsàn: "Àwọn tó ń sáré yẹn ńkọ́? Ṣé wọ́n ti débẹ̀?"

Èmi náà ò mọ eré mọ́tò kí n tó dé Houston o. Ká ní ẹnì kan sọ fún mi nígbà yẹn pé mo máa di ẹni tó ń jókòó sétí pápá ní Sátidé, tí òórùn táyà ń fẹ́ sí nímú, tó ń pariwo "Tẹ̀ ẹ́! Tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀!" sí ọmọ ọlọ́mọ, mi ì bá ní kó lọ bọ́jú.

Gulfton, àdúgbò kan ní Houston, ni mo kọ́kọ́ gbé. Apartment lórí apartment, aṣọ lórí gbogbo irin bálíkónì, àlùbọ́sà tí wọ́n ń dín ní oríṣiríṣi èdè. Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù níbẹ̀ kì í ṣe freeway, títì ńlá wọn tí mọ́tò ti ń fò, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ooru, torí ooru Houston ò yàtọ̀ sí ti ilé. Àìkíra-ẹni ni. Èèyàn á bá ẹ gun àtẹ̀gùn láàárọ̀, èjìká yín á fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra, á máa wo bàtà ẹ̀, ìwọ náà á máa wo tìẹ.

Níbi iṣẹ́ mi àkọ́kọ́, daycare kan tí mo ti ń tọ́jú ọmọ ọlọ́mọ, ọ̀gá wa bi mí láàárọ̀ ọjọ́ kan pé báwo ni mo ṣe wà. Inú mi dùn. Mo gbé báàgì sílẹ̀, mo ní a dúpẹ́, mo ní ọrùn ló ń dùn mí díẹ̀ àmọ́ ó ti ń fúyẹ́, mo ní ìyá mi náà wà, wọ́n ní kí n kí gbogbo yín. Nígbà tí mo máa gbójú sókè, obìnrin yìí ti wọ kíṣìnnì lọ. Ilẹ̀kùn ni mo ń ròyìn ìyá mi fún. Ọmọ kan tí ò tíì lè fun imú ara rẹ̀ dúró síbẹ̀, ó wò mí, ó pe orúkọ mi gbàgàdà bí ẹni pé a jọ lọ sílé ìwé, ó ní kí n wá bá òun nu imú. Mo nu ún. Kí ni mo fẹ́ ṣe?

Ọjọ́ Àìkú ló burú jù. Ṣọ́ọ̀ṣì á parí, a ó dì mọ́ra, a ó ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, oníkálukú á wọ mọ́tò lọ. Tí mo bá ti ti ilẹ̀kùn mi báyìí, ó parí. Mo máa ń jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì tòun ti ìró àti gèlè, mi ò ní bọ́ ọ, torí tí mo bá bọ́ ọ, mo ti gbà nìyẹn pé kò sẹ́ni tó ń bọ̀ wá kí mi. Mo sunkún dáadáa ní Gulfton, mi ò ní parọ́.

Àsìkò tí mo bá ń sunkún yẹn náà ni ariwo kan á bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ògiri. Vùùùù. Á dín kù. Vùùùù. Mo rò pé ẹnì kan ló ń fi ẹ̀rọ lọ ata láti ọ̀sán títí di ìrọ̀lẹ́. Ata wo nìyẹn? Lọ́jọ́ kan, mi ò lè mú un mọ́ra mọ́. Mo so ìró mi le, mo lọ kanlẹ̀kùn. Ohun tí mo fẹ́ sọ ti wà lẹ́nu mi, ó gbóná. Ilẹ̀kùn ṣí, màmá òyìnbó kan yọ sí mi, wọ́n ga, wọ́n gbẹ, irun orí wọn funfun báláú. Bí mo ṣe rí irun yẹn, orúnkún mi ti dé ilẹ̀ kí n tó rántí pé ìjà ni mo bá wá.

Wọ́n rò pé mo dákú ni. "Jésù!" ni wọ́n pariwo. Wọ́n fi ọwọ́ kọ́ mi lábíyá, wọ́n wọ́ mi wọlé, wọ́n gbé mi sórí àga, wọ́n bu omi tútù fún mi. Mo fẹ́ ṣàlàyé pé mo ń kí wọn ni. Wọ́n ní kí n dákẹ́, kí n sinmi, pé ó ku ìyípo díẹ̀ kí eré parí. Bí mo ṣe lọ jà nìyẹn o, tí mo bá ara mi níwájú tẹlifíṣọ̀n tí mọ́tò ti ń sáré vùùùù, pẹ̀lú abọ́ ẹ̀wà àti búrẹ́dì àgbàdo lórí ẹsẹ̀. Màmá Ruby nìyẹn. Láti ọjọ́ náà, Àìkú mi kì í parí sórí bẹ́ẹ̀dì mọ́.

Àwọn ló kọ́ mi ní gbogbo rẹ̀: ìdí tí mọ́tò kan fi máa ń lẹ̀ mọ́ ìdí èkejì kó lè ríbi sá pamọ́ fún atẹ́gùn, ìdí tí wọ́n fi ń pààrọ̀ táyà tí ojú mi ò rí pé ó jẹ. Ọkọ wọn, kí ó tó kú, máa ń sáré ní pápá kékeré kan ní ọ̀nà Richmond. Kò gbégbá orókè rí. "Ọkọ mi mọ ẹ̀yìn mọ́tò gbogbo àwọn yòókù," ni Màmá Ruby máa ń sọ, "àmọ́ kò mọ iwájú wọn rárá." Bẹ́ǹṣì pákó kan wà níbẹ̀ létí wáyà tí wọ́n fi ṣọgbà pápá, níbi kọ́nà tó kẹ́yìn. Ibẹ̀ ni wọ́n máa ń jókòó sí, tí wọ́n á máa fi aṣọ ìnujú juwọ́ sí i bó bá ti ń kọjá. Ibẹ̀ náà ni èmi àtàwọn ń jókòó sí láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́kọ́ mú mi lọ.

Mo kúrò ní Gulfton. Mo di nọ́ọ̀sì ní Medical Center, mo fẹ́ ọkọ, a ra ilé sí Pearland. Nígbà tí mo bí Simi, Màámi ò lè wá, Màmá Ruby ló wá dúró tì mí. Wọn ò mọ ọmọ wẹ̀ bí a ṣe ń wẹ ọmọ, nígbà tí wọ́n rí mi tí mo na ọmọ náà lápá lẹ́sẹ̀, wọ́n tún pariwo Jésù. Àmọ́ wọn ò lọ. Sátidé tí eré bá wà, mo máa ń wakọ̀ lọ gbé wọn. Ọkọ mi, tó jẹ́ díkìnì, ti fi mí sílẹ̀ fún Ọlọ́run lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹni tó bá ti pẹ́ nídìí nǹkan, àríwísí rẹ̀ á pọ̀. Èmi àti Màmá Ruby ti tún eré yìí ṣe tán lórí bẹ́ǹṣì yẹn, ó ku kí àwọn tó ni ín gbọ́. Ní tèmi, fèrè ni àkọ́kọ́. Báwo ni ọmọ àná á ṣe já ẹni tó tó bàbá rẹ̀ sílẹ̀ láì tẹ fèrè, láì juwọ́? Nílé, bí bàbá mi bá fẹ́ ya lọ́rì ẹlẹ́gbẹ́ wọn sílẹ̀, wọ́n á tẹ̀ ẹ́, pàán-pààn, onítọ̀hún á dá wọn lóhùn, wọ́n ti kíra nìyẹn. "Tí gbogbo wọn bá ń tẹ fèrè," Màmá Ruby ní, "etí kan tó kù fún mi yìí náà á lọ."

Kí wọ́n sì nu àwòrán ọṣẹ àti epo ẹ́ńjìnnì kúrò lára mọ́tò, kí wọ́n kọ ohun tó nítumọ̀ sí i. Ẹ̀yìn lọ́rì bàbá mi, "Ẹ FỌKÀN BALẸ̀" ló wà níbẹ̀, lẹ́tà pupa. Bí mọ́tò bẹ́ẹ̀ bá já yín sílẹ̀, inú ò ní bí yín púpọ̀. Ọ̀rọ̀ ìjà náà ńkọ́? Mọ́tò kan á gbá èkejì, àwọn méjèèjì á bọ́ sílẹ̀, wọ́n á máa ju akoto lu ara wọn níṣojú gbogbo ayé. Ṣé kò sí àgbà níbẹ̀ ni? Kí wọ́n fi àgbàlagbà jókòó sábẹ́ agboòrùn, kí wọ́n pe àwọn ọmọ náà, kí ẹni tó jẹ̀bi dọ̀bálẹ̀, kí eré máa lọ. Màmá Ruby ní ọkọ àwọn ì bá lo gbogbo ayé rẹ̀ lórí ìdọ̀bálẹ̀.

Èyí tí a fohùn ṣọ̀kan lé lórí ni bí wọ́n ṣe ń mú olúborí ọdún nínú eré ńlá orí tẹlifíṣọ̀n. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, èèyàn á ti máa borí láti ìgbà òtútù, gbogbo wa ti mọ̀ pé òun ni. Ìparí ọdún á dé, wọ́n á ṣa àwọn díẹ̀ jọ, wọ́n á ní eré kan ṣoṣo ló máa pinnu. Bí táyà rẹ̀ bá bẹ́ lọ́jọ́ yẹn, iṣẹ́ ọdún kan ti wọgbẹ́. Èmi á bínú, Màmá Ruby á bínú, a ó jọ bínú títí a ó fi gba Sugar Land kọjá lọ́nà ilé. Mo tún ní kí eré ọjọ́ Àìkú máa dúró kí ṣọ́ọ̀ṣì wa parí ná. Simi ní, "Mummy, ṣọ́ọ̀ṣì yín? Eré ò ní start láyé."

Mo máa ń rò ó nígbà mìíràn, ohun tí mo ń wá nídìí eré tí kì í ṣe ti bàbá mi. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì máa ń bi mí. Mi ò mọ ìdáhùn tó dáa ju pé, níbẹ̀, bí mi ò bá wá, ẹnì kan á bèèrè mi. Ẹni tó ń gba tíkẹ́ẹ̀tì á ní, "Màmá Ruby, ọmọ yín dà?" Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, mo ṣe bí ẹni pé eruku wọ̀ mí lójú.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí ni àwọn tó ni pápá náà kéde pé àwọn máa tún un kọ́. Wọ́n máa hú bẹ́ǹṣì etí wáyà kúrò, wọ́n máa kọ́ ìjókòó tuntun sókè, níbi tí èèyàn ti lè rí gbogbo pápá. Ó dùn létí. Àmọ́ orúnkún Màmá Ruby ti kọ àtẹ̀gùn. Wọ́n á gun díẹ̀, wọ́n á dúró, wọ́n á máa ṣe bí ẹni ń wo sánmà. "Bí wọ́n bá hú u, ó ti tán nìyẹn," ni wọ́n wí, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín. "Mo máa wò ó nílé." Mo mọ̀ pé irọ́ ni. Láti ìgbà tí ọkọ wọn ti kú, bẹ́ǹṣì yẹn nìkan ló ń mú wọn jáde nílé. Wọ́n á jókòó sínú ilé yẹn ni, wọ́n á máa rọ. Ẹ̀rù bà mí gidi. Mo ti fi ìyá kan sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta, mi ò ní òmíràn tí mo lè fi sílẹ̀.

Àwọn tó ni pápá wá pe àwa olólùfẹ́ sí ìpàdé ní ọ̀sán Sátidé kan, pé kí a wá sọ bí a ṣe rò pé wọ́n lè tún eré náà ṣe. Ìṣẹ́jú méjì fún ẹnì kan. Simi ló fi orúkọ mi sílẹ̀. Ó kìlọ̀ fún mi, "Mummy, bẹ́ǹṣì nìkan o. Just the bench. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ̀rọ̀ fèrè."

Màámi náà kìlọ̀ tiwọn lórí fóònù. Wọ́n ní, "Wo ojú mi."

Mo ní, "Màámi, fóònù ni."

"Wò ó náà. Kí o tó bẹ àwọn èèyàn yẹn ní nǹkankan, kí wọn dáadáa o. Má lọ dójú tì mí nílùú onílùú."

Ọjọ́ pé. Orí ìjókòó gíga ni wọ́n kó àwa èrò sí. Àwọn aláṣẹ pápá jókòó sídìí tábìlì nísàlẹ̀, wọ́n kọjú sí wa, wọ́n kẹ̀yìn sí wáyà. Màmá Ruby ò lè gòkè, wọ́n wà lórí bẹ́ǹṣì wọn lẹ́yìn àwọn aláṣẹ, kò sì sí ẹni tó rí wọn nínú àwọn wọ̀nyí. Ọmọbìnrin kan ń ṣọ́ aago. Bí àkókò ẹnì kan bá pé, á lu agogo.

Wọ́n gbé maíkì fún mi. Bẹ́ǹṣì ló wà lórí mi, bẹ́ǹṣì ló wà lọ́kàn mi. Mo lanu, ìkíni ló jáde. Mo kí alága. Mo kí àwọn tó jókòó ti alága. Mo ní wọ́n kú ìnira, wọ́n kú oòrùn. Mo kí àwọn awakọ̀ àti ìyá tó bí wọn. Mo kí àwọn tó ń pààrọ̀ táyà. Mo kí ẹni tó ń gbá pápá lẹ́yìn tí gbogbo wa bá ti lọ. Mo kí obìnrin tó ń ta ọ̀dùnkún díndín lẹ́nu ọ̀nà, mo ní ọwọ́ rẹ̀ dùn. Mo rí Simi, ó ti fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bojú.

Mo fẹ́ bọ́ sórí ọ̀rọ̀, mo rántí pé mi ò tíì kí àgbà. Ara mi ò gbà á. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ta ló dàgbà jù níbí?"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Bàbá kan nawọ́ sókè láàárín èrò. Ohùn kan ké láti ìsàlẹ̀: "Jókòó, ọmọdé! Mo ti délé ọkọ kí wọ́n tó bí ẹ!"

Gbogbo ojú wálẹ̀. Àwọn aláṣẹ wẹ̀yìn, alága yí àga rẹ̀ po pátápátá. Màmá Ruby rèé lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n gbé ọ̀pá wọn sókè. Mo gbé maíkì fún Simi, mo sọ̀kalẹ̀, mo gba iwájú tábìlì kọjá, mo kúnlẹ̀ fún wọn lórí iyanrìn. Wọn ò pariwo Jésù lọ́tẹ̀ yìí. Wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí, bí mo ṣe kọ́ wọn.

Agogo dún.

Mo fò dìde, mo ní mi ò tíì bẹ̀rẹ̀. Alága ní ó dun òun, àkókò mi ti tán, kí ẹni tó kàn bọ́ síwájú. Háà! Mo ti fi ìkíni jẹ gbogbo rẹ̀ tán, ọ̀rọ̀ bẹ́ǹṣì ò jáde lẹ́nu mi. Mo jókòó ti Màmá Ruby, omijé ti ń dà. Mo ní, "Ẹ má bínú, mo ti bà á jẹ́." Màmá Ruby ń rẹ́rìn-ín tí èjìká wọn ń mì. "O kí ọlọ́dùnkún," ni wọ́n ṣáà ń wí. "O kí ọlọ́dùnkún!"

Ẹni tó kàn jẹ́ ọkùnrin sìgbọnlẹ̀ kan tó dé fìlà ńlá àwọn ará Texas. Ọ̀rọ̀ ariwo ẹ́ńjìnnì ló bá wá, ó ti ń sọ fún gbogbo èèyàn láti ẹnu ọ̀nà pé kò dún tó mọ́. Ó gba maíkì, ó ṣí fìlà. Ó ní, "Ẹ káàsán, mà," Màmá Ruby ló ń kí. Ó wá bi alága pé, "Bí ẹ bá hú bẹ́ǹṣì yẹn, níbo ni wọ́n máa jókòó?"

Alága ò tíì yí àga rẹ̀ padà. Ó wo Màmá Ruby, ó wo àtẹ̀gùn, ó tún wo Màmá Ruby. "A ò rò ó débẹ̀," ló wí.

Gbogbo ẹni tó sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìyẹn ló kọ́kọ́ kí Màmá Ruby. Àwọn kan tún kí ọlọ́dùnkún. Agogo ń dún, kò sẹ́ni tó kà á sí. Ìpàdé tó yẹ kó yára parí, oòrùn ti ń rẹlẹ̀ ká tó túká. Nígbà tí a wọ mọ́tò, Simi ní, "Mummy, ẹ ti sọ gbogbo Texas di Abẹ́òkúta." Ó ń rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó di ọwọ́ mi mú.

Wọn ò hú bẹ́ǹṣì náà. Wọ́n kọ́ ìjókòó tuntun wọn sókè, ó dára, àmọ́ etí wáyà wà bó ṣe wà, wọ́n tún fi ìbòòrùn sí i lórí. Ọ̀rọ̀ fèrè? Wọn ò gbọ́. Àgbà abẹ́ agboòrùn? Wọn ò gbọ́. Mi ò tíì bá wọn ṣe tán.

Sátidé tó kọjá, a pe Màámi lórí fóònù tí a ti lè ríra, láti orí bẹ́ǹṣì. Àwọn mọ́tò ti ń tò. Mo yí fóònù sí pápá kí wọ́n lè rí i. Wọ́n wò ó dáadáa. Wọ́n ní, "Mo rí wọn. Níbo ni wọ́n wá ń lọ gan-an?"

Màmá Ruby bi mí pé kí ni ìyá mi sọ. Mo túmọ̀ rẹ̀. Wọ́n fi ọwọ́ gbá pákó bẹ́ǹṣì náà. "Sọ fún wọn pé ibí ni. A ti débẹ̀."

Mo sọ ọ́ fún Màámi. Mo rò pé ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n ń wá, mo ti ń múra ẹ̀rín sílẹ̀. Ohùn tó jáde rọ̀ pẹ̀sẹ̀. Wọ́n ní, "Bá mi kí màmá yẹn. Sọ pé mo ní, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ mi."

Ẹ́ńjìnnì ti bẹ̀rẹ̀ sí í bú. Mo fẹnu kan etí Màmá Ruby tó ṣì ń gbọ́ràn, mo pariwo ọ̀rọ̀ ìyá mi sí i. Wọ́n wo fóònù náà pẹ́. Wọ́n wá ki ọwọ́ bọ báàgì, wọ́n fa aṣọ ìnujú yọ, èyí tí wọ́n máa ń fì sí ọkọ wọn, wọ́n gbé e sókè, wọ́n sì ń fì í sí ìyá mi ní Abẹ́òkúta.